Irin Tó Yẹ Kó Wà Lókè

Irin náà wà nísàlẹ̀. Ṣèyíọlá kúnlẹ̀ lórí òkìtì àlàpà, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó sì fìdí kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Nínú kọ́ńkéré báákónì tó já wálẹ̀ yìí, irin tó yẹ kó wà lókè pátápátá, ìsàlẹ̀ ló lọ sùn sí. Ó yí òkúta kọ́ńkéré mìíràn dànù, ó wò ó. Ìsàlẹ̀ náà ni.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Sájẹ́ǹtì Olúgbádé ló bi í bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ọlọ́pàá náà kò tíì kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní oòrùn Ọ̀wọ̀ kì í bá òun ṣeré.

"Kò rẹ̀ mí. Àyà mi ló já."

Kò sì yẹ kí àyà obìnrin yìí tètè já. Iṣẹ́ Ṣèyíọlá ni láti yẹ ilé tuntun wò kí onílé tó kó wọ ọ́. Ọmọ bíríkìlà ni. Ó fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó fẹ̀yìntì, àmọ́ òòlù kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀yìntì. Ògiri tó bá fi òòlù yẹn kàn, bí inú rẹ̀ bá ṣófo, yóò jẹ́wọ́. Láti ìgboro Ọ̀wọ̀ títí dé Ìmẹ̀rì, àwọn bíríkìlà tó ń fi sìmẹ́ńtì kékeré tan yanrìn púpọ̀ jẹ a máa gbàdúrà kó má gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Màmá Veronica tó wà lọ́nà Ìyẹrè yìí, òun náà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, ìyẹn kọ́ńkéré ilẹ̀ òkè, ó gun orí pákó lọ, ó ka irin báákónì náà níkọ̀ọ̀kan. Òkè ni gbogbo wọn wà lọ́jọ́ náà. Orí àga ni wọ́n jókòó sí. Àga ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irin kúkurú tí wọ́n tẹ̀ bí ìjókòó láti fi gbé irin ńlá sókè. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa, torí pé kò lè dé àkoto tó fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń lu agogo ọdún Igogo nígboro, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bá mọ ara rẹ̀ kì í sì í bo orí lásìkò náà, ì báà ṣe fìlà, ì báà ṣe gèlè. Oòrùn dín agbárí rẹ̀ bí àkàrà. Ó buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ náà dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá. Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ọmọ Màmá, ọmọge ọdún mọ́kàndínlógún, mú ìgbálẹ̀ jáde sí báákónì tuntun náà. Kò tíì gbálẹ̀ dé ìdajì tí báákónì fi já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sọ́nà méjì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pé Mùnírù bíríkìlà ló jí irin òun, ló fẹ́ pa òun lọ́mọ. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí. Lọ́túnla, Ọjọ́bọ̀, wọ́n ó gbé e lọ sí kóòtù, ìgbà tí ẹni tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ yóò padà wálé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

"Ó parí nìyẹn," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Bíríkìlà ti fi irin síbi tí kò yẹ. Ẹ kọ ọ́ fún mi, kí n lọ jẹun."

"Mo fi ojú mi méjèèjì rí irin yìí lókè, Sájẹ́ǹtì."

"Irin ò lẹ́sẹ̀, Ọ̀gá."

"Ohun tó já mi láyà gan-an nìyẹn. Kò lẹ́sẹ̀, ó sì rìn láàárín Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì."

Olúgbádé sún mọ́ ọn nígbà náà. "Kí ni òkè àti ìsàlẹ̀ fi yàtọ̀? Ṣebí irin ni irin ń jẹ́."

"Ẹ na ọwọ́ yín síwájú." Ó nà án. Ṣèyíọlá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. "Níbo ló ti ń fà yín?"

"Òkè èjìká níbí." Ojú rẹ̀ ti ń fún pọ̀.

"Bí báákónì náà ṣe rí nìyẹn. Apá tí ilé nà síta ni. Òkè ló ti ń fà, òkè ni irin sì gbọ́dọ̀ ti dì í mú. Bí irin bá lọ sùn sísàlẹ̀, kò yàtọ̀ sí pé kò sí irin níbẹ̀ rárá."

"Ẹ gba àpò yín, ẹ jọ̀ọ́. Àbí wọ́n tètè yọ igi tó gbé e dúró?"

"Igi lo oṣù kan gbáko lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo wá, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́." Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ rí Mùnírù."

* * *

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Mùnírù, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́lé, kò sì sílé tó wó nínú èyí tó kọ́, àyàfi ẹyọ kan ṣoṣo yìí. Orí ilẹ̀ lásán ló jókòó sí nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó dìde kí Ṣèyíọlá, ó sì tún jókòó.

"Bàbá Ràhmát," Ṣèyíọlá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, "kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ da dẹ́kìn?"

"Ẹ̀bi mi ni, Ọ̀gá Ṣèyí."

"Ẹ̀bi báwo?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo lọ kírun Jímọ̀. Mo ní kí wọ́n parí ti inú ilé, kí wọ́n fi báákónì sílẹ̀ dè mí. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti dà á, wọ́n ti rẹ́ ẹ, ó ń dán. Ó yẹ kí n tú u kó tó gan. Mi ò tú u."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n bẹ̀ mí."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

Mùnírù wo ògiri iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ dáadáa. "Ẹ bá mi kí Ìyá Ràhmát. Ẹ ní kó máa bu omi sí bulọ́ọ̀kù ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má pa á."

"Bàbá Ràhmát, lọ́túnla ni kóòtù."

"Mo ti gbọ́. Bulọ́ọ̀kù náà, ẹ má gbàgbé."

Ohun tó kọjá ìyẹn, kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, inú ń bí Ṣèyíọlá, kò sì mọ ẹni tí inú ń bí òun sí. Ẹni tó jalè á purọ́. Ẹni tí kò jalè á pariwo. Ta wá lẹni tó jókòó sẹ́wọ̀n tó ń ronú bulọ́ọ̀kù?

"Ó ń dáàbò bo ẹnì kan," ló wí.

"Mo mọ ẹni náà," ni Olúgbádé dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he owó. "Kingsley, bẹ́ńdà tó so irin. Láti alẹ́ Sátidé ni kò ti sí nílé. Wọ́n ní ó ti sá lọ sí Ìsùadà, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

* * *

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí Kingsley ṣe rí ẹ̀wù ọlọ́pàá lókèèrè báyìí, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó kó sínú oko ẹ̀gẹ́. Olúgbádé gbá tọ̀ ọ́. Ọlọ́pàá tó ti sanra kì í yá lẹ́sẹ̀ nínú ebè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú. Ìyá Kingsley ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ já ọmọ rẹ̀ sí ìhòòhò títí ọkùnrin ńlá náà fi rọra jáde, ewé lórí, ó sì kúnlẹ̀.

"Mẹ́ta péré ni, Ọ̀gá. Mi ò mú kọjá mẹ́ta."

Ó fi ibi tó wà hàn wọ́n. Ó ti fi irin mẹ́ta náà dábùú ẹnu ilé ewúrẹ́ ìyá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ayọ̀ sì ń ṣàn tẹ̀ lé e.

Ṣèyíọlá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì di irin náà mú. "Ẹ dúró ná. Irin báákónì nípọn bí àtàǹpàkò mi. Èyí kò ju ìka ọmọdé lọ. Irin tí wọ́n fi ń de òpó ni. Èyí tó ṣẹ́kù ló jí."

"Olè ṣáà ni."

"Olè ni. Kì í ṣe olè tí à ń wá." Ó yíjú sí Kingsley. "Àwọn àga tí o fi sábẹ́ irin báákónì ńkọ́? Ṣé ìwọ lo tún lọ yọ wọ́n tà?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ti olè lọ. "Ọ̀gá, mo lè mú irin tó bá ṣẹ́kù. Mi ò lè yọ irin kúrò nínú iṣẹ́ tí mo ti so. Mẹ́rìnlá ni àga náà, ọwọ́ yìí ni mo fi tẹ̀ wọ́n. Ẹ fọ́ kọ́ńkéré yẹn kẹ́ ẹ kà á. Bí ẹ bá bá mẹ́tàlá, ẹ wá gbé mi."

"Ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dà á?"

"Kò síṣẹ́ mi mọ́ níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo parí, lójú yín."

"Kí ló wá gbé ọ sá?"

"Mo rò pé tìtorí irin ilé ewúrẹ́ yìí lẹ ṣe ń bọ̀."

Ṣèyíọlá ní kó tẹ àga kan fún òun bó ṣe tẹ mẹ́rìnlá yẹn. Kingsley fi òkúta àti pátákó tẹ̀ ẹ́ kíá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ṣèyíọlá gbé e sínú àpò. Olúgbádé ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ bọ àpò padà.

* * *

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, òṣìṣẹ́ méjì fi òòlù ńlá fọ́ báákónì náà wẹ́wẹ́. Ṣèyíọlá fúnra rẹ̀ ló ń ṣa àga. Bó ti ń rí ọ̀kan ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti yọ ọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ó ti ka mẹ́rìnlá. Kò dín, kò lé. Gbogbo wọn ló ti pẹlẹbẹ.

"Bẹ́ńdà kò purọ́," ló wí. Ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ bó ṣe bá wọn.

"Ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru kọ́ńkéré ló tẹ̀ ẹ́ pa," ni Olúgbádé wí.

"Mùnírù ti ro ìyẹn. Ó tẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé orí bulọ́ọ̀kù kí wọ́n máa rìn lórí rẹ̀. Mo rí pákó náà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá. Àti pé ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ ọ̀kan sápá ọ̀tún, á tẹ òmíràn sápá òsì. Apá ibo làwọn wọ̀nyí tẹ̀ sí?"

Olúgbádé bẹ̀rẹ̀. Ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Gbogbo wọn ló dojú kọ títì."

"Ìlà méjì sì ni wọ́n, méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ ti rí koríko tí táyà gba orí rẹ̀ kọjá rí?"

"Táyà? Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

Ṣèyíọlá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dẹ́kìn dọ́gba. Ẹni tó bá tẹ́ pátákó kan láti ibẹ̀, yóò ti báró wọ òkè láìlàágùn. Báró kan, táyà kan, kọ́ńkéré kún inú rẹ̀. Ó wúwo nígbà tó ń lọ síta, ó fúyẹ́ nígbà tó ń padà bọ̀. Ìdí nìyí tí àga kò fi tẹ̀ padà sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n Mùnírù kì í gbà kí báró gun dẹ́kìn òun," ló ń bá ara rẹ̀ sọ. "Kò gbà á rí. Àwọn obìnrin ló ń fi orí rù ú fún un, Àbẹ̀ẹ́bí àtàwọn èèyàn rẹ̀. Kí ló wá dé?"

* * *

Àbẹ̀ẹ́bí ni olórí àwọn obìnrin tó ń ru kọ́ńkéré. Wọ́n bá a níbi iṣẹ́ mìíràn nígboro, ó ń mu gàárì lábẹ́ ibòòji. Obìnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n bó ti rí Ṣèyíọlá, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ Tiwátọ́pẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń san. Àbẹ̀ẹ́bí, lọ́jọ́ tí ẹ da báákónì Màmá, kí lẹ fi gbé kọ́ńkéré?"

"Orí ni. Kí la tún ní?"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Látàárọ̀ títí a fi ṣe tán. Páànù lórí, òṣùká lábẹ́ páànù." Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú aṣọ kan tí wọ́n ká róbótó jáde. "Òṣùká ọjọ́ náà gan-an rèé."

Ṣèyíọlá gbà á, ó yí i lọ́wọ́. Agbárí tirẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí, àti oòrùn tó pa á lórí pákó lọ́jọ́ náà.

"Àbẹ̀ẹ́bí, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, èmi tí mo dàgbà tó báyìí bọ́ àkoto sínú mọ́tò torí Igogo. Bàbá ọkọ rẹ wà lára àwọn olóyè tó dirun lọ́dún yìí. Ìwọ ìyàwó ilé rẹ̀ lo wá di aṣọ lé orí ní gbangba?"

Obìnrin náà gba òṣùká rẹ̀ padà.

"Àwọn kan ní òṣùká kì í ṣe gèlè," ló wá wí.

"Ṣé ìwọ náà wà lára wọn?"

"Rárá." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò dán an wò láyé mi."

"Kò sí òṣùká lọ́jọ́ náà nígbà náà. Páànù irin, kọ́ńkéré inú rẹ̀, lórí lásán. Páànù mélòó lẹ rù kí ẹ tó sọ pé ó tó?"

"A ò sọ pé ó tó." Omi ti lé ròrò sí Àbẹ̀ẹ́bí lójú. "A ti gba iṣẹ́, a ó ṣe é. A ti ru ti inú ilé tán, agbárí gbogbo wa ti bó. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ṣàánú wa, ṣé àwa náà ló yẹ ká fà á fún ọlọ́pàá?"

"Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé, Àbẹ̀ẹ́bí. Lọ́la ni kóòtù. Ta ló ṣàánú yín?"

Àbẹ̀ẹ́bí gbé àwo gàárì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá Veronica ni."

Olúgbádé dá ìwé tó ń kọ dúró.

"Ó jáde síta, ó rí orí wa. Ó ní, 'Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi.' Fúnra rẹ̀ ló lọ sí ọgbà adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé, ó yá báró méjì bọ̀. Òjò ti ń ṣú. A sọ fún un pé Bàbá Ràhmát ní ká fi báákónì sílẹ̀ de òun. Ó ní kí òjò má bà á jẹ́, ká yáa dà á, òun á bá a sọ̀rọ̀ tó bá dé. Àwa náà sì ti báró."

"Pákó tí Mùnírù tẹ́ ńkọ́?"

"Táyà ń yẹ̀ lórí ẹ̀. A kó o kúrò." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí Bàbá Ràhmát dé, inú bí i, ó ní òun á tú u. Màmá ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má bínú sí wa, kó tìtorí òun jẹ́ kó lọ. A ti dá báró padà nígbà náà, kò rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. A ò mọ̀ pé báró lè ṣe nǹkan sí irin, Ọ̀gá. Àfi lọ́jọ́ Sátidé."

Ṣèyíọlá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan. Ó ti ń wá olè láti àná, ó ti ń wá ẹni burúkú tí ọwọ́ rẹ̀ dá irin dùbúlẹ̀. Kò ro àánú sí i rárá. Màmá tó ń pariwo pé kí wọ́n ju Mùnírù sẹ́wọ̀n, Màmá tí oorun kò kùn láti Sátidé, òun ló yá ohun tó ṣẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín músẹ́ yá a. Ó wu Ṣèyíọlá kó dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú ilẹ̀ níbi tó ti hú u.

"Ta ni yóò sọ fún un?" Olúgbádé béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Èmi ni mo buwọ́ lùwé. Èmi ni n ó sọ ọ́."

* * *

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá Veronica. Lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá tí ọmọ ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn, ó jókòó ṣánṣán, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa.

"Ṣèyí ọmọ mi, ṣé o ti rí ibi tí Mùnírù kó irin mi sí?"

Ṣèyíọlá kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde. Ó yọ àga méjì nínú àpò, ó kó wọn lé e lọ́wọ́: èyí tí Kingsley ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, àti ọ̀kan tó ti pẹlẹbẹ.

"Irin báákónì yín pé, Màmá. Ẹyọ kan kò dín. Èyí ló yẹ kó gbé e sókè. Bí a ṣe bá a nìyí."

"Kí ló tẹ̀ ẹ́ báyìí?"

"Báró ni, Màmá."

"Báró wo?"

Ṣèyíọlá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ ojú ìyá arúgbó náà díẹ̀díẹ̀: ojú náà kọ́kọ́ le, ó dàrú, lẹ́yìn náà ó wá ṣófo. Màmá wo irin ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀.

"Orí wọn ti bó," ló wí. "Mo fi omi wẹ̀ ẹ́ fún wọn."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Mo ṣàánú wọn ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé irin wà tí wọn kì í gùn. Ó yẹ kí n wà níbẹ̀ kí n sọ ọ́. Ìmẹ̀rì ni mo wà lọ́jọ́ náà, níbi ilé ẹlòmíràn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀."

Inú yàrá, Tiwátọ́pẹ́ pe ìyá rẹ̀ àgbà pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Màmá kò lè dìde. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé omi wọlé.

"Mùnírù mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n dà á," Màmá wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Kò sì sọ."

"Kò sọ ọ́."

"Mo dúró níwájú rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo pè é ní olè, mo pè é ní apànìyàn. Ó ń wò mí. Kò sọ ọ́." Ó kó àga méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì. "Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ń jẹ́ Ràhmát yẹn, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Ṣé torí ìyẹn ló ṣe dákẹ́?"

"Ẹ ó bi í léèrè, Màmá. Mọ́tò kóòtù ń lọ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la."

* * *

Kò tíì pé aago méje tí Màmá ti dúró níwájú tábìlì àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Olúgbádé, látorí báró dórí òjò, kò yọ ohun kankan sílẹ̀, kò sì sunkún.

"Sájẹ́ǹtì, orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn yẹn, ẹ pa á rẹ́. Tèmi ni kí ẹ kọ sí i."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ti àánú mọ́lé." Sájẹ́ǹtì ti fi ìwé Ṣèyíọlá han ọ̀gá rẹ̀ lálẹ́ àná, ọ̀gá náà ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ní kí wọ́n tú bíríkìlà náà sílẹ̀. "Ẹ jókòó. Ó ń bọ̀."

Màmá kò jókòó. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí tí Mùnírù yọ, bàtà lọ́wọ́, irùngbọ̀n ọjọ́ márùn-ún lójú, Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tú gèlè rẹ̀. Irun funfun rẹ̀ fọ́n síta lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ká gèlè náà sí ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó ti gan, ó fi orí lásán dojú kọ bíríkìlà rẹ̀. Ṣèyíọlá ya ojú sí ògiri. Kò lè wò ó.

Bàtà Mùnírù bọ́. Ó sáré mú ìyá náà lápá méjèèjì kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, ó sì gbé e nàró.

"Ẹ wé gèlè yín, Màmá," ló wí. "Igogo ti kọjá."

Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹsẹ̀ Tiwátọ́pẹ́.